Àwọn Ojú Ará Íjíbítì Nínú Ṣọ́ọ̀bù Láolú

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Láolú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé níbo nilé, Iyaro, àdúgbò kan ní Benin, ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu kó tó rántí pé ìlú àwọn bàbá rẹ̀ lẹ ń béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Benin lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀dó. Ọ̀gá yẹn kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù nínú òkùnkùn àti bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì gbé àgbọ̀n oníbàárà sókè láìjẹ́ kó bínú. Ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kun aṣọ ẹ̀yìn, ìyẹn aṣọ ńlá tí wọ́n máa ń ta sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Aṣọ ẹ̀yìn yìí ni Láolú mọ̀ jù. Ó lè kun bàálù tó fẹ́ gbéra, ó lè kun àtẹ̀gùn ilé olówó, ó lè kun òkun tí òun fúnra rẹ̀ kò fojú rí. Àwọn tí kò wọ bàálù rí fara ti bàálù Láolú, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sílé.

Ṣùgbọ́n ayé yí. Fóònù dé, oníkálùkù di fọtógíráfà ara rẹ̀. Kérésìmesì tí èrò máa ń tò dé ẹnu títì di ọjọ́ tí Láolú ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń wo mọ́tò. Iṣẹ́ méjì péré ló ṣẹ́kù fún un: pásípọ́ọ̀tù àwọn tó ń wáṣẹ́ tàbí tó fẹ́ sá kúrò nílùú, àti fọ́tò àwọn tó ti kú. Ẹbí olóògbé á gbé fóònù wá, wọ́n á ní, "Ẹ bá wa yọ ojú Màmá jáde níbí." Láolú á wò ó: ibi ìgbéyàwó kan ni, Màmá ló wà ní ìlà kẹta, gèlè ẹni iwájú ti bo ìdajì ojú rẹ̀, ó ń jẹun lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ni àwòrán tí ẹni tó lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin láyé fi sílẹ̀. Láolú á gé e, á fẹ̀ ẹ́, á sì fi ẹ̀rọ lẹ èyí tó sọnù mọ́ ọn. Ní oṣù kẹta ọdún kan, bàbá kan wà lára ògiri káàkiri Iyaro lórí ìwé ìkéde òkú rẹ̀, etí òsì tó wà lórí bàbá náà, etí Láolú ni. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ó máa ń yíjú sápá kejì.

Ìyàwó rẹ̀, Olúbùnmi, ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ṣì wà lọ́wọ́ wọn, Tìmílẹ́hìn, ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì, yàrá tó háyà sì wà ní Ekosodin, lẹ́bàá yunifásítì náà. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n Písìn ló fi máa ń dáhùn. Láolú ti bínú títí, ó ti sú u.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù keje, òjò lé Tìmílẹ́hìn wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Omi ti gba títì, kò sí kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ lọ. Ó yọ ìwé ńlá kan nínú ọ̀rá, ó gbé e sórí tábìlì kó má bàa rin, Láolú sì ṣí i nítorí pé kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Ojú obìnrin kan ló kọ́kọ́ pàdé. Orí pákó ni wọ́n kùn ún sí. Obìnrin náà wé irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé yẹtí sétí, ojú rẹ̀ tóbi, ó ń wo Láolú bí oníbàárà tó wá gba fọ́tò tí wọ́n wí fún un pé kò tíì jáde.

"Ta ni èyí?"

"Daddy, na Egypt. Old Egypt. Dem say make we draw five for class."

"Mo ní ta ni."

"Nobody know. E don reach like two thousand years."

Ọmọ náà wá ṣàlàyé ohun tí olùkọ́ wọn sọ. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé nígbà tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàyè ni wọ́n ti máa ń kun ojú wọn sórí pákó, wọ́n á gbé e kọ́ sínú ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kú, wọ́n á wé òkú náà nínú aṣọ, wọ́n á sì de pákó náà mọ́ ojú rẹ̀. Láolú ṣí ìwé náà síwájú. Ó kan ògiri ibojì àwọn ará ìgbà tó tún jìnnà ju ìyẹn lọ, níbi tí àwọn èèyàn ti dúró ní ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn, tí wọ́n ń fúnrúgbìn, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n ń ṣe búrẹ́dì.

"Wọ́n ya iṣẹ́ wọn mọ́ wọn?"

"Yes now. So for the other side, dem go still get work."

Òjò dá, Tìmílẹ́hìn fẹ́ máa lọ. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìwé náà sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò rí i kí bàbá òun bẹ òun nítorí ìwé rí.

Ohun tí Láolú rò kò ṣòro. Ó ní bí àwọn ará Íjíbítì wọ̀nyẹn, tí wọn kò ní kámẹ́rà, bá lè jókòó kalẹ̀ kí wọ́n fi ojú ara wọn sílẹ̀ dáadáa kí ọjọ́ tó dé, kí ló dé tí àwọn àgbà tòun fi máa ń gba inú fóònù lọ bí olè? Ó pinnu láti máa ya àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kó yà wọ́n bí ti inú ìwé yẹn: ojú gan-an síwájú, láìrẹ́rìn-ín, pẹ̀lú pákó ńlá lẹ́yìn wọn tí òun á kun iṣẹ́ ọwọ́ wọn sí bí ti ògiri ibojì. Ó lọ ra pákó pẹlẹbẹ. Ó ra bébà góòlù tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn, ó fi gbá etí pákó náà yípo.

Bàbá Àkànní ló kọ́kọ́ pè. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an ni bàbá náà ń gbé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, igi gẹdú ló bá wá sí Benin, ó sì lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní ilé ìlagi. Ayùn ti gba ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó wọlé, ó tẹjú mọ́ pákó tí Láolú kùn: ọkùnrin dúdú kan dúró ní ẹ̀gbẹ́, ó ti igi ńlá sí ẹnu ayùn.

"Ta lẹni tó ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi ò dúró báyẹn rí. Ẹni tó bá dúró báyẹn, ayùn ti pa á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láolú mú tìróò, ó fi lé bàbá náà lójú díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Íjíbítì ṣe máa ń lé tiwọn. Bàbá Àkànní ní ìyá òun ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun kẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà lòun. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ oníka mẹ́ta rẹ̀ lé àyà bí Láolú ṣe ní kó ṣe.

"Ibo ni kí n wò?"

"Inú kámẹ́rà gan-an. Ẹ wò ó bí ẹni pé ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀ ló wà níbẹ̀."

 Bàbá náà bí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tèmítọ́pẹ́, tó gba aṣálẹ̀ Líbíà lọ sí òkè òkun. Ọdún kọkànlá rèé, kò sí fóònù, kò sí lẹ́tà, kò sẹ́ni tó rí i. Gbogbo Iyaro ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ níwájú bàbá náà. Láolú kò rò ó kó tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí Bàbá Àkànní wá gbé sókè yẹn, ojú tó ń wọ̀nà, tí kò bẹ̀bẹ̀, tí kò sì sunkún, òun ni Láolú yà. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde tó gbé e sínú férémù, òun fúnra rẹ̀ kò lè wò ó pẹ́. Ó mọ̀ pé láti ìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, èyí ni fọ́tò gidi àkọ́kọ́ tóun yà.

Ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó wà ládùúgbò náà máa ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí, tó fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìjọba, rí fọ́tò Bàbá Àkànní, orí rẹ̀ sì wú. Ó ní kí Láolú ya àwọn àgbà ẹgbẹ́ kí wọ́n gbé fọ́tò wọn kọ́ sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Láolú tún ya mẹ́ta: Ìyá Ṣèyíọlá tó ń rán aṣọ iléèwé, Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá tó ṣiṣẹ́ báńkì, àti Àlhájì kan tó fi tírélà jẹun títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára ògiri gbọ̀ngàn, góòlù yí wọn ká, ojú wọn rogodo nínú tìróò. Àwọn ọmọdé kò fẹ́ wọ ibẹ̀ nìkan. Àwọn àgbà ní ó dára.

Ọjọ́ méjìlélógún lẹ́yìn tí Bàbá Àkànní jókòó níwájú kámẹ́rà, ó kú. Ibà ni wọ́n pè é, ọjọ́ mẹ́ta ló sì fi ṣàìsàn. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, wọ́n sìnkú rẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, fọ́tò Láolú sì ni wọ́n lẹ̀ káàkiri. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n bá Ìyá Ṣèyíọlá lórí àga lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára aṣọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a jà fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tí wọ́n yà á sí ọjọ́ tó kú jẹ́ ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ní bàbá. Wọ́n ní ẹ ò rí i pé òkú ni wọ́n ń kun ojú fún nínú ìwé tó ti kọ́ ọ. Wọ́n ní ẹni tí Láolú bá lé tìróò fún ti gba ìwé ìrìnnà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, oníwàásù gun orí àga ìwàásù, ó ní, "Ọlọ́run fi ọwọ́ agbára mú wa jáde nílẹ̀ Íjíbítì, nínú oko ẹrú. Ta ló tún ń fà wá padà?" Kò dárúkọ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó ti Láolú rọra gbé báàgì rẹ̀ kúrò láàárín wọn, ó gbé e sápá kejì.

Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá kò dúró kí ìpàdé dé. Ó lọ yọ fọ́tò tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì.

"Pa á rẹ́. Èyí tó wà nínú kámẹ́rà náà, pa á rẹ́ lójú mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò lásán..."

"Mo ní pa á rẹ́."

Láolú pa á rẹ́. Bàbá náà tẹjú mọ́ kámẹ́rà títí ó fi rí i pé kò sí mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, alága kó àwọn mẹ́ta tó kù wá, ó wé wọn nínú ìwé ìròyìn.

"Láolú, èmi ò gbà á gbọ́, o mọ̀ mí," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí wí. "Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í ṣe ti ènìyàn kan. Ẹlòmíì ò wá ìpàdé mọ́ nítorí ògiri."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n yà wọ́n, alága."

"Èmi ni. Èmi náà ni mo sì gbé wọn wá." Ó béèrè àlàáfíà ìyàwó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí ewúrẹ́ bá bímọ sílẹ̀ ní Iyaro, àdúgbò kejì á gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Kò pẹ́ tí àwọn tó fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù pàápàá ń rìn kọjá ṣọ́ọ̀bù náà lọ sí ibòmíràn. Obìnrin kan ti gbé ọmọ rẹ̀ jókòó, ó ti tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe, kí aládùúgbò kan tó ké sí i láti òdìkejì títì. Ó lọ, ó padà wá, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbé ẹ̀wà kaná. Láolú ní kó lọ rọra gbé e sọ̀. Kò bínú sí i. Ó kàn jókòó, ó ń wo àga tó ṣófo.

Nílé, Olúbùnmi ló máa ń ja ìjà náà. Ó ń rán àwọn èèyàn létí pé Àlhájì onítírélà ṣì wà láàyè, ó sì ń jẹun. Èyí ló mú kí Láolú rò pé ọ̀nà kan wà. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó wí fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Bùnmi, wá jókòó kí n yà ọ́. Bí ọdún bá yí po tí wọ́n sì rí ọ, ọ̀rọ̀ á tán."

"Ẹ ò wí burúkú. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìdánwò àwọn ọmọ tán ná."

Ìdánwò tán. Ó ní ó di ẹ̀yìn Kérésì. Kérésì kọjá, ó ní òun kò tíì di irun. Lẹ́yìn tó di irun, Láolú gbé àga sójú ìmọ́lẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀, ó dúró dè é. Olúbùnmi wọlé, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn àga, kò jókòó.

"Bàbá Tìmí, mi ò gbà á gbọ́," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Mi ò gbà á gbọ́ rárá. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ jókòó síbẹ̀."

Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ wà, ó ti jókòó níwájú kámẹ́rà yẹn nígbà tó lóyún, nígbà tó sọmọ lórúkọ, nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Láolú ní kò burú. Ó ká àga náà kò, ó fi ti ògiri, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ gbé àpò ìwé rẹ̀ dé ibi tó ti máa wọ kẹ̀kẹ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún un lọ́dún yẹn, ìyẹn ló dùn ún jù, kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnì kankan nítorí pé obìnrin náà kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ọyẹ́ mú gan-an nínú oṣù kìíní. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, arúgbó obìnrin kan sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n ń pè é ní Màmá Èyítọ́pẹ́. Láti Ugbor, àdúgbò mìíràn ní Benin, ló ti wá. Nọ́ọ̀sì àgbà ni tẹ́lẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Kánádà àti Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin kan ń bá a gbálé, ó ń bá a dáná, á sì lọ sílé tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Láolú mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ṣì ń wá sí ẹgbẹ́.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin nìkan?"

"Ta ni kí n mú wá? Mo wá ya fọ́tò. Irú ti Íjíbítì yẹn."

Ara Láolú yá gágá. Ó rò pé Ọlọ́run ti rán ẹnì kan tí kò bẹ̀rù wá, àgbà tó kàwé, nọ́ọ̀sì tó mọ ohun tó ń pa èèyàn. Ó nu àga, ó gbé pákó tuntun kan síta. Ó ní iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn lòun máa kùn sí i, àwọn aboyún, àwọn ọmọ tuntun, kí Màmá fún òun lọ́jọ́ mélòó kan.

"Má kun iṣẹ́ kankan sí i. Mo ti ṣiṣẹ́ tó."

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ìgò tìróò kékeré kan tó ti gbó, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ lé e láìwo dígí. Láolú ń tún pátákó funfun tó ń da ìmọ́lẹ̀ sójú èèyàn ṣe nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ọjọ́ mélòó ló máa ń gbà?"

"Ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Mo máa gbé e wá sí Ugbor fúnra mi."

"Kì í ṣe fọ́tò ni mò ń béèrè."

Láolú yíjú padà. Arúgbó náà jókòó gagaga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá.

"Ti Àkànní gba ọjọ́ méjìlélógún," ló wí. "Ti ìyá aránṣọ, mọ́kàndínlógún. Mo ti kà á. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ti èmi lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé mo ti dàgbà jù wọ́n lọ."

Láolú sọ pátákó náà kalẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí. "Màmá, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́. Kí ló dé tí irú yín á fi gbà á gbọ́?"

"Mo ti palẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Mo ti pín aṣọ. Mo ti sọ ibi tí wọ́n máa sin mí sí. Mo máa ń jí láàárọ̀, màá wo òrùlé, màá ní, 'Ìwọ tún nìyí.' Àwọn ọmọ mi máa ń pè mí lórí fóònù, wọ́n á ní, 'Mummy, ẹ máa pẹ́ fún wa.' Pẹ́ ṣe kí ni? Wọn ò ní lè wálé."

"Mi ò lè yà yín, Màmá. Ẹ dákun."

"Ṣé o ní ẹ̀rọ lásán ni?"

"Ẹ̀rọ lásán ni."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ lásán ni, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

 Bí Láolú bá lé e lọ, òun náà ti gbà pé òun ń pànìyàn. Ó dìde, ó gbé kámẹ́rà. Màmá Èyítọ́pẹ́ wo inú rẹ̀ láìṣẹ́jú, bí ẹni tó ti ń dúró mọ́tò láti àárọ̀ tó wá rí i lókèèrè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Láolú tẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sùn dáadáa mọ́. Ó gbé fọ́tò náà lọ lọ́jọ́ kẹta, obìnrin tó ń bá a gbálé ló gbà á lẹ́nu géètì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara ògiri ojú ọ̀nà fún ìwé ìkéde òkú. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún kò jẹun. Ọkùnrin tó ń pe àwọn aládùúgbò ní òpè, òun náà ti ń fi ìka ka ọjọ́. Ọjọ́ kejìlélógún já lé e lórí bí òkúta. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàlélógún, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ugbor láìsọ fún Olúbùnmi.

Màmá wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ súwẹ́tà, ó ń bó ọsàn. Ó rí Láolú, ó pòṣé.

"O ò yà á dáadáa," ló wí.

Láolú kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ẹkún ló gbé e, kò sì mọ̀ bóyá ti ayọ̀ ni. Arúgbó náà jẹ́ kó sun ún tán. Lẹ́yìn náà ó fún un lọ́sàn ìdajì, ó ní kó jókòó, ó pẹ́ tí ẹnì kan ti jókòó sórí àga kejì yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé Láolú ń lọ sí Ugbor lọ́jọọjọ́ Àìkú, ní àkókò tó yẹ kó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kì í sọ púpọ̀. Nígbà míì Màmá á sọ ìtàn ọmọ tó bí ní ìta gbangba nínú òjò, nígbà míì oorun á gbé e lọ lójú ọ̀rọ̀. Kò rẹ́rìn-ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì yé wí pé ó ti sú òun. Ṣùgbọ́n kò tún ní kí Láolú ya òun mọ́.

Ní oṣù kẹrin, Láolú gbé ṣọ́ọ̀bù Iyaro sílẹ̀. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló gbà á. Àwọn aṣọ ẹ̀yìn, bàálù àti òkun, ó ká wọn pọ̀, ó kó wọn lọ sílé. Àwọn pákó ará Íjíbítì, òjò ti bà wọ́n jẹ́ ní ẹ̀yìn ilé, góòlù wọn sì ń ṣí bí èèpo. Ó wá rí àyè kan nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé tó wà ní ẹnubodè Ekosodin, níbi tó ti ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní pásípọ́ọ̀tù níwájú aṣọ funfun. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń pè é ní Daddy, wọ́n sì ń kánjú.

Màmá Èyítọ́pẹ́ lo oṣù mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn tí wọ́n yà á. Ní ìparí oṣù kọkànlá, obìnrin tó ń bá a gbálé débẹ̀ láàárọ̀, ó bá a tó ti lọ lórí ibùsùn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ fọ́tò, oṣù mẹ́wàá ti jìn jù fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wálé fún ìsìnkú, wọ́n háyà àwọn oníkámẹ́rà ńláńlá, Láolú sì jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn tí kò mọ̀.

Nígbà tí èrò ń túká, èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ, Abímbọ́lá, tó wá láti Kánádà, jáde síta pẹ̀lú fọ́tò náà lábẹ́ apá. Ó ń béèrè ẹni tó yà á. Wọ́n nawọ́ sí Láolú.

"Ẹ kú ìjókòó, sà. Ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo ti bá a." Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀. "Ṣé inú ń bí i nígbà tí ẹ yà á?"

Láolú wo ojú tó wà nínú góòlù. Kò rò ó pẹ́.

"Rárá o. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni."

Obìnrin náà mi orí lẹ́ẹ̀mejì.  Ó bọ́ ìborùn tó wà léjìká rẹ̀, ó fi wé fọ́tò náà, ó gbé e sínú mọ́tò. Láolú kí àwọn ẹbí pé wọ́n kú ìsìnkú, ó jáde sí títì, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ìdánwò ti ń bọ̀ ní yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan ti pè é láti àárọ̀, wọ́n ń dúró dè é ní Ekosodin.